Michael Adékúnlé Ajásin àti Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Michael Adékúnlé Ajásin (1908–1997) ni tíṣà ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group mú lò ní ọdún 1951. Òun náà ni gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó dìbò yàn, ní ọdún 1979. Ọdún 28 ló wà láàárín ìwé náà àti ìgbà tí wọ́n búra fún un ní Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yẹ kí ìjọba kọ́ ọmọ gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó tún wá jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń pa á láṣẹ, kò pọ̀. Ajásin wà lára àwọn díẹ̀ yẹn. Kò sì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nígbà tí ó wọ òṣèlú: láti inú kíláàsì ni èrò rẹ̀ ti wá, iye tíṣà, iye kíláàsì àti iye ọmọ tí ó rí ilé-ìwé wọ̀ ni ó sì fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ìjọba.

Ilé-ìwé kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé

Àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S. ló gbé ilé-ìwé dé ìlú Oǹdó, ní bí ọdún 1875 sí 1880. Láti ìgbà náà títí di àárín ọ̀rúndún ogún, ọwọ́ ìjọ ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wà ní gbogbo agbègbè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Ondo Province, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ìjọ ló ń wá tíṣà, ìjọ ló ń bójú tó kíláàsì, àwọn òbí ló sì ń san owó ilé-ìwé. Owó ìrànwọ́ ni ìjọba fi ń ti ìjọ lẹ́yìn, owó náà kò sì kárí.

Ìlú Oǹdó tètè mókè nínú ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 1919 ni Ondo Boys' High School bẹ̀rẹ̀, Canon M. C. Adéyẹmí ni ó sì dá a sílẹ̀. Orúkọ àlùfáà yìí ni wọ́n fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ sí ìlú náà ní àwọn ọdún 1960, èyí tí ó di Adeyemi College of Education. Ní Àkúrẹ́, Aquinas College ti Ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, Oyemekun Grammar School sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1953. Ẹni tí ó bá fi ọdún wọ̀nyí wéra yóò rí i pé ẹ̀kọ́ girama jìnnà sí ọmọ púpọ̀ nígbà tí Ajásin wà ní èwe.

Ohun tí ó ń dá ọmọ dúró jù lọ ni owó. Àgbẹ̀ kòkó a máa rí owó gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ìkórè. Bí ó bá ní ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò rán lọ sí ilé-ìwé, àwọn tó kù yóò sì bá a dé oko. Àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń kù sílé. Bí kòkó kò bá sì lówó lórí lọ́dún kan, ọmọ tí ó ti ń kàwé pàápàá lè padà sí oko. Ìjọ kò lè tán ìṣòro yìí, nítorí láìsí owó tí àwọn òbí ń san, kò sí ohun tí wọn yóò fi sanwó tíṣà.

Tíṣà láti Ọ̀wọ̀

Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908 ni wọ́n bí Ajásin ní Ọ̀wọ̀. Ó lọ sí St. Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́ láti ọdún 1924 sí 1927. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí Ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní ọdún 1896, ni orísun ọ̀pọ̀ tíṣà tí wọ́n fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Tíṣà tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe tíṣà lásán: ó lè máa darí orin nínú ìjọ, kí ó máa bá ará ìlú kọ lẹ́tà, kí ó sì máa bá wọn ka ìwé tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ajásin jẹ́ fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà ni ìyàwó tí ó fẹ́ ní ọdún 1939 náà.

Ní ọdún 1943, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó wọ Fourah Bay College ní Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone. Láti ọdún 1827 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí ti wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gba oyè kí yunifásítì tó dé Nàìjíríà. Ó gba oyè B.A. níbẹ̀ ní ọdún 1946. Ó kọjá sí Institute of Education ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 1947.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ni ó di ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ níbẹ̀ ni akitiyan rẹ̀ lórí àwọn tíṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, Imade College di ọ̀kan lára àwọn ilé-ìwé tí ń ṣí ọ̀nà fún àwọn tíṣà wọn láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i níbẹ̀. Ìpàdánù ni èyí lè jọ lójú ọ̀gá ilé-ìwé mìíràn, nítorí tíṣà tó bá lọ lè má padà. Lójú Ajásin, ilé-ìwé kò lè ga ju tíṣà rẹ̀ lọ. Èrò yìí bá a dé ibi gbogbo tí ó padà ṣiṣẹ́ sí.

Ìwé ìlànà ti ọdún 1951

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti fi ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́ náà, Ajásin sì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Àkókò náà bọ́ sí i. Òfin tuntun tí Gómìnà John Macpherson fi lọ́lẹ̀ lọ́dún náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sì bọ́ sábẹ́ àwọn ìjọba ẹkùn. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní Ìwọ̀-Oòrùn yóò lè ṣe ohun tí ó bá ṣèlérí.

Nínú ọdún yìí ni Ajásin kọ ìwé tí ẹgbẹ́ náà sọ di ìlànà rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́. Ohun tí ó béèrè fún ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òkè. Ní ọdún kan náà, ìjọba Kwame Nkrumah ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ń palẹ̀ mọ́ fún ìlànà tirẹ̀ tí yóò mú kí iye ọmọ ilé-ìwé pọ̀ kíákíá. Èrò náà ti ń jí káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso: ìlú tí ó fẹ́ gba òmìnira nílò ẹni tí yóò jẹ́ akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà àti adájọ́ nígbà tí òyìnbó bá lọ, kò sì sí ibòmíràn tí wọn yóò ti jáde wá bí kò ṣe ilé-ìwé.

Láti orí ìwé dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, iṣẹ́ náà kọjá sí ọwọ́ Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Òun ló gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1952, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sì ṣètò bí wọn yóò ṣe rí tíṣà, ilé àti owó. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ Ajásin, Awókọ̀yà àti Awólọ́wọ̀ pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá yọwọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ náà kò ní parí bí ó ṣe parí.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955

Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ tó lé ní 450,000 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 800,000. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, wọ́n ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sí, wọ́n sì dá ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní secondary modern sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní rí àyè ní girama.

Owó kòkó ló ran ìjọba lọ́wọ́ láti ru ẹrù yìí. Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti tọ́jú owó púpọ̀ pamọ́ nígbà tí kòkó ń ta dáadáa lọ́jà àgbáyé, apá kan owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àgbẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn tí òógùn wọn sanwó ilé-ìwé ọmọ gbogbo ẹkùn náà.

Kò rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fi owó-orí kún èyí tí àwọn ènìyàn ń san tẹ́lẹ̀ kí ó lè ná an sórí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ọ̀pọ̀ sì kọ̀ ọ́. Nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ N.C.N.C. tí ń bá Action Group díje ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjókòó Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé aṣòfin Èkó, owó-orí yìí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ajásin wọlé ní tirẹ̀ nínú ìbò yìí, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pàdánù ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹgbẹ́ náà kò yí ìlànà padà. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 dé, àwọn òbí tí wọ́n ti bínú sí owó-orí náà ló ń mú ọmọ wọn wá.

Ìṣòro tí Ajásin mọ̀ jù ni ti tíṣà. Tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà kò tó fún iye ọmọ tó rọ́ wá, nítorí náà wọ́n ní láti gba ẹni tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé-ìwé ní àwọn kíláàsì kan, nítorí owó kò tó. Ìwọ̀-Oòrùn ò dáwọ́ dúró, wọ́n ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ síwájú sí i. Láti inú àìní yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Canon Adéyẹmí sọ ní ìlú Oǹdó ti jáde. Ó padà ní àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà.

Aṣòfin tí ó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé

Láti ọdún 1954 títí di ìgbà tí ológun gbàjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, Ajásin jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Ó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀. Lákòókò kan náà, kò kúrò nínú ilé-ìwé. Ó wà ní Imade College títí di oṣù kejìlá ọdún 1962. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó dá Owo High School sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀gá ilé-ìwé náà títí di oṣù kẹjọ ọdún 1975. Nígbà tí ó fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti lo ọdún 28 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé girama ní ìlú kan ṣoṣo.

Gómìnà ní Àkúrẹ́

Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba ológun àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn ti ń ṣe láti ọdún 1955 wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti girama àti yunifásítì, èyí tí ìwé ọdún 1951 ti béèrè fún tí ọwọ́ kò sì tíì tẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ológun gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú tún dìde ní ọdún 1978, Awólọ́wọ̀ dá Unity Party of Nigeria sílẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà gbé síwájú: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ yìí gba ìpínlẹ̀ márùn-ún: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ajásin, tí ó ti di ẹni 70 ọdún, ni wọ́n búra fún ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979.

Ìjọba rẹ̀ fòpin sí owó ilé-ìwé ní girama. Ní àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ilé-ìwé girama rí, àwọn ará ìlú gbé ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì mọ kíláàsì, kí ìjọba lè fi tíṣà ránṣẹ́. Ọmọ tí ì bá gbé ilé ìbátan ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó kí ó tó lè kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé òbí rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ìyípadà yìí kan àwọn ọmọbìnrin náà, nítorí kò sí owó ilé-ìwé mọ́ tí òbí ì bá ná sórí ọmọkùnrin nìkan.

Lókè girama, àsìkò rẹ̀ ni pólì tí a mọ̀ sí Rufus Giwa Polytechnic lónìí fìdí múlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1982, ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, wọ́n sì fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun yí orúkọ náà padà sí Ondo State University. Ìjọba àpapọ̀ náà ti dá Federal University of Technology sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981, tí ó fi jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́ta péré ni ìpínlẹ̀ tí kò ní yunifásítì kankan ní méjì.

Ìgbà náà kò rọgbọ fún ìjọba. Láti ọdún 1981 ni owó epo rọ̀bì ti ń já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ sì dínkù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari fi òfin tí ó dín ìnáwó kù lọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, owó oṣù tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Àwọn tó ń bá ètò náà jà sọ pé ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì àti pé ìmọ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn dáhùn pé kíláàsì tó kún ṣeé ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò wọ ilé-ìwé rárá kò ní àtúnṣe nígbà tó bá dàgbà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ apá méjèèjì, Ajásin tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà sì mọ iye tí ètò náà ń ná àwọn olùkọ́. Síbẹ̀ kò tún gba owó ilé-ìwé.

Ìbò ọdún 1983 àti ìgbèkùn

Nínú ìbò oṣù kẹjọ ọdún 1983, igbákejì rẹ̀ àtijọ́, Akin Ọmọ́boríowó, bá a díje lábẹ́ ẹgbẹ́ N.P.N. ti Ààrẹ Shagari. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé. Rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná. Ajásin gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ dá a láre, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sì fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Sáà kejì rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ, nítorí ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983.

Wọ́n tì í mọ́lé bí wọ́n ti ṣe fún àwọn gómìnà yòókù, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun ní ọdún 1984. Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀, ó ṣàlàyé pé kò sí ọrọ̀ kankan tí ó kún èyí tí òun ní kí òun tó di gómìnà. Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ náà, àti àwọn tí kò dìbò fún un, ló gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọdún ìkẹyìn

Lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, Ajásin ni àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re gbà ní olórí. Nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí M.K.O. Abíọ́lá borí, òun ló ṣíwájú àjọ NADECO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1994 láti béèrè ẹ̀tọ́ àwọn olùdìbò. Ní ọdún 1995, ìjọba Sani Abacha mú òun àti àwọn 39 mìíràn pé wọ́n ń ṣe ìpàdé òṣèlú tí òfin kò gbà. Ẹni 86 ọdún ni nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1997, kí ìjọba alágbádá tó padà.

Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, yunifásítì Adó-Èkìtì bọ́ sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ tuntun náà, Oǹdó sì wà láìní yunifásítì ìpínlẹ̀. Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, tí ó ti jẹ́ kọmíṣánnà lábẹ́ Ajásin, ló gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ kalẹ̀ sí Àkùngbá-Àkókó láti ọdún 1999. Ní ọdún 2004, nígbà tí Olúṣẹ́gun Àgágú jẹ́ gómìnà, wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Ajásin sọ ọ́.

Èrò inú ìwé ọdún 1951 náà ti rìn jìnnà ju Ọ̀wọ̀ lọ. Òfin ẹ̀kọ́ gbogbo gbòò tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Níbẹ̀ ni òfin náà dúró. Ìwé Ajásin béèrè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele ni ó fẹ́. Láti òpin girama kékeré lọ sókè, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tí àwọn òbí yóò san ní ilé-ìwé rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gómìnà tí ó bá fi kún owó ilé-ìwé tàbí tí ó bá dín in kù yóò gbọ́ orúkọ Ajásin lẹ́nu àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń ta kò ó.